King Crimson: àwo wo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́?

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú alẹ́ o. Orin Kanye West tó ń jẹ́ "Power", èyí tó ṣe ní 2010, ló gbé mi débí. Ẹnì kan ń pariwo nínú orin yẹn bíi kí ilé wó, mo wá ń wádìí ẹni tó ni ohùn náà. Wọ́n ní ẹgbẹ́ olórin kan ní London ni, King Crimson, láti 1969. Mo lọ wá àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, torí gbogbo ibi tí mo yà sí ni wọ́n ti ní ibẹ̀ ni kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Orin tó ṣíwájú dùn gan-an, òun náà ni Kanye mú lò. Ìkejì rọlẹ̀, kò burú. Ìkẹta náà dáa. Ìgbà tó kan "Moonchild", wọ́n kàn ń ta gìtá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tún ta ẹyọ kan. Oorun gbé mi lọ. Ìgbà tí mo jí ni mo rí i pé àwo wọn pọ̀ bíi nǹkan míì. Ṣé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni kò dáa ni, àbí èmi ni orin yìí ò bá lára mu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n gbọ́ gbogbo ẹ̀. Dátà ti wọ́n.

* * *

Àbúrò, ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó máa sùn sórí "Moonchild". Ìṣẹ́jú 12 ni orin yẹn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ péré ni Greg Lake fi kọrin níbẹ̀. Ìyókù, wọ́n kàn ń ta á bó ṣe bá wọ́n lọ́wọ́ ni, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ dé ibi pé wọ́n á bá ẹ jà lórí ẹ̀. Èmi máa ń fò ó ni, ọkàn mi sì balẹ̀.

Kí àwọn tó kù tó dé, ohun tí wọ́n máa sọ nìyí. Àwọn àgbà á ní àwo àkọ́kọ́ yẹn, In the Court of the Crimson King, October 1969, kò tún sí ibòmíì. Àwọn tó fẹ́ràn gìtá tó wúwo á ní Red, 1974. Àwọn tó kọ́ orin níléèwé, tàbí tí wọ́n fẹ́ ká rò pé wọ́n kọ́ ọ, á ní Larks' Tongues in Aspic, 1973. Àwọn díẹ̀ tí gbogbo ayé máa ń bú á ní Discipline, 1981. Mo wà lára àwọn tí wọ́n máa ń bú.

Ìdí tèmi ò le. Orúkọ kan ṣoṣo ni King Crimson, àmọ́ ẹgbẹ́ tó jẹ́ orúkọ náà pọ̀. Robert Fripp tó ń ta gìtá nìkan lẹ́ni tó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé 2021. Gbogbo ẹni yòókù ń wọlé, wọ́n ń jáde ni. Ìdí àwo àkọ́kọ́ ò tíì gbóná lórí igbá tí Ian McDonald tó ń fun saxophone àti fèrè pẹ̀lú Michael Giles onílù ti ní àwọn ń lọ, ní December 1969 kan náà. Lake náà bá tiẹ̀ lọ, ó lọ dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ pẹ̀lú Keith Emerson àti Carl Palmer. Ṣé o rí i báyìí? Tó o bá ń gbọ́ wọn láti 1969 bọ̀ ní ìtẹ̀léra, bí etí rẹ bá ṣe ń mọ́ ohùn kan ni wọ́n á gbé ẹlòmíì wá. Lake, Gordon Haskell, Boz Burrell, John Wetton, Adrian Belew: akọrin márùn-ún láàárín ọdún 12. Ta ni kò ní rẹ̀?

Nítorí náà, má ka ọdún. Mú ẹgbẹ́ kan nínú wọn, kó o gbọ́ ọ dáadáa. Èmi ní kó o mú ti 1981.

* * *

Mo mọ̀ pé ẹ máa gbéjà kò mí, ẹ ò sì jẹ́ kí n retí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí pé Discipline kì í ṣe prog (rock olórin gígùn tó díjú) rárá, pé new wave (rock ìgbàlódé ìgbà yẹn) ni. Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹgbẹ́ ọ̀hún ní 1981 kì í tiẹ̀ ṣe King Crimson, Discipline ni wọ́n ń pe ara wọn kí Fripp tó mú orúkọ àtijọ́ padà. Wọ́n wá ní ẹni tí kò bá tíì gbọ́ Mellotron lórí "Epitaph" kò tíì gbọ́ King Crimson, pé ṣe ni mo ń ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà.

Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yín. Ti orúkọ yẹn, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Mellotron náà, fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n: dùùrù kan ni tó jẹ́ pé lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, téèpù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ká ohùn violin tàbí fèrè sí. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, téèpù á yí, bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ, á tán, àfi kó o gbọ́wọ́ kúrò kó tó lè padà sẹ́yìn. Ìyẹn ló fi máa ń dà bí ẹni pé odindi ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta violin ń sunkún lábẹ́ omi. McDonald mọ̀ ọ́n lò ju ẹnikẹ́ni lọ. "Epitaph" kò lẹ́gbẹ́ nídìí iṣẹ́ yẹn, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò ní jiyàn pé àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí bọ́ síta ní Hyde Park ní July 5, 1969, kí Rolling Stones tó gun orí pèpéle, níwájú èrò tí a ò lè kà tán, nígbà tí wọn ò tíì ní àwo kankan lórí àtẹ, tí àwọn èèyàn sì lọ sílé wọn tí wọ́n ń bèèrè orúkọ wọn.

Àmọ́ ohun tí àbúrò yìí bèèrè kọ́ nìyẹn. Kò bèèrè èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn. Ó bèèrè ibi tí òun lè bá wọlé tí òun ò ní sùn.

Etí wa sì ní ibi tó ti wá. Ẹni tó dàgbà nílé tí wọ́n ti ń gbé àwo jùjú sí i ní ọjọ́ Sunday, kò sí ẹni tó máa kọ́ ọ bí gìtá mẹ́ta ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìjá ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Ọ̀kan ń ta ohun kan náà láìdúró, ìkejì ń bọ́ sáàárín rẹ̀, ìkẹta ń kọrin lórí wọn. Ibi tí Discipline fi kọ́lé sí gan-an nìyẹn. Lọ gbọ́ "Frame by Frame". Fripp àti Belew jọ ń ta ìlà kan náà, kíá kíá. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn yọ nóòtì kan kúrò nínú tiẹ̀. Nóòtì kan péré. Ìlà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra wọn, wọ́n ń sá lọ, o ò mọ ẹni tó ń lé ẹnì kejì mọ́, ó wá dìgbà kan, pàú, wọ́n tún pàdé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo rò pé fóònù mi ló ń já.

Tony Levin ló wà nídìí báàsì, ó sì ní ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní Chapman Stick, okùn mẹ́wàá ló wà lára ẹ̀, kì í ta á bí gìtá, ìka ọwọ́ méjèèjì ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Òun lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ tí "Elephant Talk" bá bẹ̀rẹ̀. Bill Bruford ni onílù. Orin méje, kò tó ìṣẹ́jú 40. Dátà kékeré ni.

Lójú àánú, ẹ jẹ́ ká tún fi èyí kún un: Island, ilé iṣẹ́ tó gbé àwo àkọ́kọ́ King Crimson jáde ní Britain ní 1969, ni ilé iṣẹ́ kan náà tó gbé King Sunny Adé lọ bá àwọn òyìnbó ní 1982. Kò fi hàn pé wọ́n mọ ara wọn o. Ó kàn dùn mọ́ mi ni.

* * *

Oníbèéèrè tún kọ̀wé: "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ 'Thela Hun Ginjeet', orin kan lórí Discipline, lórí YouTube lẹ́yìn tí mo ka èyí tẹ́ ẹ kọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó fi ń rán mi létí Fela? Àbí orí mi ló ń ṣe mí báyìí?"

* * *

Orí rẹ pé, àbúrò. Ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ kò farasin.

Ní 1980, ẹgbẹ́ Talking Heads ti New York ṣe àwo kan, Remain in Light. Àwọn fúnra wọn àti Brian Eno tó bá wọn ṣe é kò fi pa mọ́ pé Afrodisiac, àwo Fela, làwọn ń gbọ́ nígbà yẹn: ìlù tí kì í dúró, orin tí kì í yí kọ́ọ̀dù, kí gbogbo èèyàn máa ta nǹkan kékeré kọ̀ọ̀kan títí á fi di nǹkan ńlá. Ta ni wọ́n pè kó wá ta gìtá sórí àwo náà? Adrian Belew. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wọ King Crimson. Nítorí náà, tó o bá gbọ́ ohun kan nínú gìtá yẹn tó dà bí Lagos, ó gba New York kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ Fripp.

Mi ò sọ pé Fripp jí orin Fela lò o. Mo ti rí ẹni tó kọ irú ẹ̀ rí, gbogbo èèyàn sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Fripp ní ohun tiẹ̀ tó ń wá, nǹkan oníṣirò. Belew ló mú kí ó ṣeé jó.

Ìtàn orin yẹn gan-an wá wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í kíyè sí. Ohùn tó ò ń gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, tẹ́rù ń bà á, òótọ́ ni. Wọ́n wà ní London, Belew gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kan dání, ó jáde lọ sí àdúgbò Notting Hill kó lè ká ọ̀rọ̀ àti ariwo ìgboro fún orin náà. Àwọn ọmọ àdúgbò yí i ká, wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń ká àti ẹni tó rán an. Ó bọ́ lọ́wọ́ àwọn yẹn, ó tún bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ó sáré padà sí sítúdíò, ara ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń ròyìn ohun tójú ẹ̀ rí fún àwọn yòókù. Fripp ti fojú sọ fún ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ pé kó tan ẹ̀rọ. Ìròyìn yẹn ni wọ́n gbé sáàárín orin. Ọ̀rẹ́ burúkú, iṣẹ́ rere.

* * *

Ẹlòmíì ní, níwọ̀n bí a ti jẹ́ Yorùbá, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ "The Talking Drum" tó wà lórí Larks' Tongues in Aspic? Ó ní ibẹ̀ ló yẹ kí ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire ti bẹ̀rẹ̀, torí ìlù wa ni wọ́n ń lù.

Rárá o. Rárá pátápátá.

Mo fẹ́ràn orin yẹn, àmọ́ ẹni tó bá wá gángan lọ síbẹ̀ máa bínú padà. Àyàn tó gbé dùndún kọ́ apá ń pe èèyàn lórúkọ, ó ń ki bàbá ẹ, tí o kò bá náwó ó tún mọ ohun tó máa sọ. Ìlù tó wà nínú orin yìí kò bá ẹnikẹ́ni sọ gbólóhùn kan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé ó bẹ̀rẹ̀ láti inú nǹkan bí afẹ́fẹ́, tí o ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Ìlù kéékèèké yọjú. Báàsì Wetton bọ́ sí i, ohun kan náà, ohun kan náà. Violin David Cross gorí ẹ̀, gìtá gorí ìyẹn, gbogbo ẹ̀ ń ga, ó ń ga, fún ìṣẹ́jú méje, títí ó fi parí sí igbe. Igbe gidi. Lẹ́yìn ìyẹn láìsí ìsinmi, orin tó kàn ti já lù ẹ́. Ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ rèé: bó bá ń bẹ̀rẹ̀, tó o rò pé kò dún tó, má fi kún un. Mo mọ ẹni tó fi kún un nínú ọkọ̀ èrò, tó sì ki earpiece bọ etí méjèèjì.

Ohun tó jọ tiwa nínú àwo yẹn kì í ṣe ibẹ̀ ló wà. Ìbẹ̀rẹ̀ àwo náà gan-an ni, apá kìíní orin tó jẹ́ orúkọ àwo náà. Jamie Muir, ọmọ Scotland tó ń lu ohun gbogbo, ló wà níbẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ta irin pẹlẹbẹ lórí pákó, ó ń dún wọ́nranwọ́nran. Ẹni tó bá mọ agídìgbo á mọ̀ pé àbúrò ẹ̀ nìyẹn. Ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ohunkóhun míì tó ṣẹlẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ pé kì í ṣe ibi tí àlejò máa gbà wọlé. Muir yìí kan náà, kí àwo náà tó jáde ní March 1973 ló ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń gbé ní ilé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Scotland. Bruford sọ léraléra pé ọkùnrin yẹn yí ìlù lílù òun padà láàárín oṣù díẹ̀ tí wọ́n jọ wà.

Bẹ́ẹ̀, Bruford kan náà ló fi ẹgbẹ́ olórin Yes sílẹ̀ nígbà tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé fún wọn, kó lè wá jìyà lọ́dọ̀ Fripp. Àwọn kan ò láyọ̀ tí wọn ò bá jìyà.

* * *

Ìbéèrè kékeré láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan: àwòrán iwájú àwo àkọ́kọ́ yẹn, ojú pupa tó ya ẹnu gbàgàdà, ṣé kò ní ẹ̀mí kan nínú? Ìyá òun ní kí òun yọ ọ́ kúrò lójú fóònù.

Gbọ́ ti ìyá ẹ, yọ ọ́. Àmọ́ kò sí ẹ̀mí kankan. Barry Godber ló yà á, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀rẹ́ Peter Sinfield tó ń kọ ọ̀rọ̀ orin fún wọn. Ó kú lójijì ní 1970, oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí àwo jáde. Tí wọ́n bá ṣí páálí àwo náà, ojú kejì wà nínú, òun ń rẹ́rìn-ín. Fi ọwọ́ bo ẹnu ojú ìyẹn kó o wo ẹyinjú ẹ̀ nìkan. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

* * *

Ó kan Red, torí ẹ ti pariwo ẹ̀ tó.

Ẹni tó bá sọ pé Red ni kéèyàn kọ́kọ́ gbọ́, mi ò ní bá a jà. Ipò kejì ni mo fi í sí, ká ní àbúrò yìí sọ pé Metallica lòun ń gbọ́, ipò kìíní ni ǹ bá fi sí. Ènìyàn mẹ́ta ló kù nínú ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn, Fripp, Wetton, Bruford, gbogbo wọn sì wúwo. Fripp tú ẹgbẹ́ náà ká ní September 1974. October ni àwo náà jáde. Èèyàn ra àwo ẹgbẹ́ tí kò sí mọ́.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ̀gbọ́n àdúgbò wa kan tó ti gbé London rí ló ká a sí kásẹ́ẹ̀tì fún mi. Ó ń ṣún kásẹ́ẹ̀tì lò: ojú kan fún Red, ojú kejì fún Ebenezer Obey. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan sì ni, ìyẹn ni pé ojú kọ̀ọ̀kan kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, àwo náà sì tó ogójì. Orin tó kẹ́yìn, "Starless", ló jìyà ẹ̀. Mellotron á wọlé jẹ́jẹ́, gìtá á kọ orin rẹ̀, Wetton á kọ ẹsẹ kan pẹ̀lú ohùn ẹni tí nǹkan sú, rédíò á sì dún kàù, ó ti tán. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orin ìfẹ́ kékeré tí kò lópin ni mo mọ̀ ọ́n sí. Mo máa ń kọ ọ́ fún ọmọbìnrin kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ìṣẹ́jú 12 ni orin náà. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ohùn á dákẹ́. Wetton á bẹ̀rẹ̀ ìlà báàsì kan tó ń yí po ní mẹ́tàlá-mẹ́tàlá, kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ balẹ̀. Fripp á dúró sórí nóòtì kan ṣoṣo. Á máa ta á. Á máa ta á. Nígbà tó bá yá, á sún un sókè díẹ̀, á tún dúró síbẹ̀. Bruford ò tiẹ̀ lù ú ní àkọ́kọ́, ó kàn ń kan igi kéékèèké, kọ́, kọ́, ó ń wò wọ́n. Báyìí ni wọ́n ṣe máa fi wọ́n-ọn-wọ́n-ọn gùn ún lọ títí di ìṣẹ́jú kẹsàn-án, gìtá náà á ti máa ké bí irin tó fẹ́ ṣẹ́, ìgbà yẹn ni gbogbo ẹ̀ máa bú gbàù, saxophone á sì sáré jáde. Níkẹyìn, orin jẹ́jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ á padà wá, àmọ́ gbogbo wọn ló ń ta á báyìí pẹ̀lú agbára. McDonald tó ti lọ láti 1969 ló wà lára àwọn tó ń fun saxophone lórí àwo yẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn fi "Providence" bú àwo náà, wọ́n ní ó dà bí "Moonchild" míì. Orí pèpéle ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, ní ìlú Providence ní Amẹ́ríkà, June 1974, wọ́n sì ń ta á bó ṣe ń bọ̀ lọ́kàn wọn ni. Èmi kì í fò ó, torí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kẹ́yìn ẹ̀. Àbúrò, ìwọ lè fò ó.

* * *

Kíá kíá lórí ọ̀rọ̀ fóònù àti dátà, torí ó ń ṣe àwọn èèyàn.

Títí di 2019, King Crimson kò sí lórí Spotify. Fripp kò fẹ́. Ìyẹn ni àwọn àgbà inú wa fi máa ń sọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ogun. Wọ́n wà níbẹ̀ báyìí, àmọ́ wọ́n fi àfikún kún àwọn àwo náà débi pé àlejò ò ní mọ ibi tí àwo parí sí. Orin márùn-ún ló wà lórí àwo 1969. Bó o bá ti gbọ́ karùn-ún tán, pa á. Gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e, ìdánwò sítúdíò ni.

Tó o bá rí orúkọ Steven Wilson lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo kan, mú ìyẹn. Láti 2009 ló ti ń tún ohùn àwọn àwo wọ̀nyí pò láti inú téèpù àtijọ́, ohun tó farasin ti hàn síta.

Má sún mọ́ Earthbound, 1972. Orí pèpéle ni wọ́n ti gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, ó sì ń dún bí ẹni pé inú agolo ni wọ́n wà. Ẹnì kan máa tó sọ pé òun fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa gbádùn ẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ̀wé láti Peckham bínú sí mi pé mo fo Lizard àti Islands bí ẹni fo kòtò. Wọ́n ní Jon Anderson ti Yes kọrin lórí Lizard, pé ìlà fèrè àti kọ̀nẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀ ò láfiwé, pé Islands, December 1971, ni àwo tó ní sùúrù jù tí Fripp ṣe.

Ẹ kú ìbínú, ẹ̀gbọ́n. Mo ní Lizard. Orin tó gba gbogbo ojú kejì ẹ̀, ìṣẹ́jú 23, dára ní àwọn ibì kan, ó sì rí bí ọjà tí gbogbo èèyàn ń polówó lẹ́ẹ̀kan náà ní àwọn ibòmíì. Haskell tó kọrin lórí ẹ̀ fúnra ẹ̀ ò fẹ́ràn ẹ̀. Ti Islands, mo gbà pẹ̀lú yín lórí orin tó gbẹ̀yìn. Àmọ́ "Ladies of the Road" wà lórí àwo kan náà, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ nípa àwọn obìnrin kì í ṣe ohun tí mo lè tan sílẹ̀ kí ọmọ mi máa kọ ọ́ kiri ilé. Kò sí ohun tó kan mí pé 1971 ni.

Tí a bá gba àlejò, kì í ṣe yàrá ẹ̀yìn la kọ́kọ́ ń fi hàn án. Ẹ jẹ́ kó jókòó ná.

* * *

Oníbèéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Mo ti gbọ́ Discipline tán, mo tún padà gbọ́ ọ. 'Frame by Frame' ti wọ̀ mí lára. 'The Sheltering Sky' náà, mo fi ń ṣiṣẹ́ lóru. 'Indiscipline' ni mi ò lè bá ṣe, ìyàwó mi ní kí n pa ariwo yẹn. Mo gbọ́ 'Starless' náà. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Kí ló kù? Ṣé wọ́n ṣì ń ṣeré níbì kankan?"

* * *

Wọn ò ṣeré mọ́. December 8, 2021, ní Tokyo, ni wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn, onílù mẹ́ta ló jókòó níwájú pèpéle nígbà yẹn, àwọn onígìtá wà lẹ́yìn. Belew àti Levin kó Steve Vai onígìtá àti Danny Carey onílù jọ ní 2024, wọ́n pe ara wọn ní BEAT, orin 1981 sí 1984 ni wọ́n ń ta káàkiri. Wá fídíò wọn, ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ rí bí ọwọ́ wọn ṣe ń lọ lórí "Frame by Frame".

Kó o tó ṣe nǹkan míì, padà sí àwo 1969 báyìí. Etí rẹ ti yàtọ̀. Gbọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, fo "Moonchild" lẹ́yìn tí Lake bá dákẹ́, kó o gbọ́ orin tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà Larks' Tongues, pẹ̀lú ìkìlọ̀ tí mo ṣe nípa igbe yẹn. Starless and Bible Black, March 1974, lè tẹ̀ lé e. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí pèpéle, wọ́n kàn gé àtẹ́wọ́ kúrò, o ò ní mọ̀. Beat, 1982, kò le, àmọ́ kò tó Discipline. THRAK, 1995, fún ìgbà tí inú bá ń bí ẹ.

Tó o bá sì ṣe gbogbo èyí tí kò wọ̀ ẹ́, má fi tipátipá gbọ́ ọ. Lọ gbọ́ Yes. Bẹ̀rẹ̀ láti orí Fragile, 1971. Bruford kan náà ló ń lùlù níbẹ̀, ìyàwó rẹ ò sì ní bínú.